Òròmọdìẹ tó rẹ̀ kò tíì kú: Ohun tó yẹ kí olùsìn adìẹ ṣe lásìkò ọyẹ́ kí owó rẹ̀ má baà ṣòfò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ibi tí olùsìn ti ń wo àwọn ọmọ adìẹ tó kó ara wọn jọ sí igun kan, tó rò pé oorun ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ gan-an ni owó rẹ̀ ti ń lọ. Ilẹ̀ yóò mọ́, yóò sì bá òkú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń sọ ni pé àwọn tó ta adìẹ fún àwọn ló kó adìẹ tí kò dáa fún àwọn. Òótọ́ lè wà nínú ìyẹn nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, òtútù, òùngbẹ àti àìtètè rí oúnjẹ ló ń pa òròmọdìẹ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní Òmù-Àrán, tó jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà tó yí i ká bíi Èsìẹ́ àti Àrán-Ọ̀rin, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníṣòwò kéékèèké gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú tí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti múlẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Landmark University wà láti ọdún 2011, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó dá lé lórí. Àwọn oṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn olùkọ́, àwọn ìyá tó ń tajà àti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sìn adìẹ pẹ̀lú 100 tàbí 200 òròmọdìẹ lẹ́yìnkùlé ilé wọn.

Ohun tó wá ń dá kún wàhálà náà ni àsìkò. Adìẹ bùrọ́ílà, ìyẹn adìẹ ẹlẹ́ran, máa ń tó tà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún ọdún Kérésìmesì gbọ́dọ̀ ra òròmọdìẹ ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún ọdún Àjíǹde yóò rà á láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejì. Ìyẹn ni pé àkókò tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ọ̀sán gbóná tí òru sì tutù bí omi inú àmù, ni òròmọdìẹ pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà

Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin di òròmọdìẹ, èyí tí àwọn olùsìn ń pè ní háṣárì, ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn. Òròmọdìẹ tó bá kúrò ní Ìbàdàn tàbí agbègbè Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ àárọ̀ yóò gba Ògbómọ̀ṣọ́, yóò dé Ìlọrin, yóò tún gba Ajàṣẹ́-Ìpo kó tó dé Òmù-Àrán. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà, tàbí tí páálí bá jókòó sí gáréèjì, ó lè di alẹ́ kí ẹni tó ni ín tó rí i gbà.

Ọlọ́run ti pèsè sílẹ̀ fún òròmọdìẹ ṣáájú ìrìn-àjò yìí. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jáde nínú ẹyin, yóò fa pupa ẹyin tó ṣẹ́kù wọ inú ikùn rẹ̀. Oúnjẹ àti omi ara rẹ̀ nìyẹn fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe nìyẹn fún àwọn ará Amẹ́ríkà láti máa fi òròmọdìẹ ránṣẹ́ bí ẹní fi lẹ́tà ránṣẹ́. Láti ọdún 1918 ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba wọn ti gbà láti máa gbé e, lórí àdéhùn pé kó dé ibi tó ń lọ kí wákàtí 72 tó pé.

Ṣùgbọ́n bí òròmọdìẹ bá ṣe ń pẹ́ lọ́nà ni pupa ẹyin náà ń tán lọ, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Èyí tó bá dé tí kò tètè rí omi mu, tí kò sì mọ oúnjẹ jẹ, ó lè máa rìn kiri lọ́jọ́ kìíní àti ìkejì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tó bá di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún tí pupa ẹyin ti tán pátápátá, yóò ṣubú, yóò kú. Ìdí nìyí tí olùsìn fi máa ń sọ pé, “Wọ́n dáa nígbà tí mo gbà wọ́n, ó yà mí lẹ́nu.” Kì í ṣe ohun ìyanu rárá. Ebi ló pa wọ́n.

Ká fi owó ṣe é

Ká sọ pé ìyá kan ní Òmù-Àrán kó owó àjọ rẹ̀, ó ra òròmọdìẹ 200, ká sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí N1,000. (Ìṣirò lásán ni èyí, owó ọjà máa ń yí padà.) Owó tó jáde lápò rẹ̀ jẹ́ N200,000. Bí 30 bá kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 170 ló ṣẹ́kù. Iye tó wá ra ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó yè kì í tún ṣe N1,000 mọ́, ó ti di nǹkan bíi N1,176. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé mẹ́fà péré ló kú, 194 ló kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju N1,031 lọ.

Ìyàtọ̀ adìẹ 24 ló wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Bí èrè orí adìẹ kan bá jẹ́ N2,000 lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á, N48,000 ló bá ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ yẹn. Kò sí ẹni tó wá jà á lólè. Òtútù òru méjì tàbí mẹ́ta ló jí i.

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọ̀sìn adìẹ fara mọ́ ni pé kò yẹ kí ikú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, bó bá pọ̀ jù, méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó bá ti ju ìyẹn lọ, àṣìṣe kan wà níbì kan tó yẹ kí wọ́n wá.

Kí páálí tó dé

Ìyá adìẹ ìbílẹ̀ kì í dúró kí ọmọ rẹ̀ jáde tán kó tó mọ ibi tí yóò ràdọ̀ bò ó. Ara rẹ̀ ti gbóná sílẹ̀. Òròmọdìẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ pa kò ní ìyá, olùsìn ni ìyá rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò lè ṣètò ooru ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ibi tó wà bá tutù, òun náà yóò tutù.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ilé ti gbóná kí òròmọdìẹ tó wọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, ó dára kí wọ́n ti dá iná síbẹ̀ láti ọjọ́ kan ṣáájú, kí ilẹ̀ àti ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lè gbóná. Afẹ́fẹ́ inú ilé lè móoru kí ilẹ̀ ṣì tutù, ẹsẹ̀ òròmọdìẹ tó sì wà nílẹ̀ ni yóò fa òtútù náà mu.

Fún 200 òròmọdìẹ, wọ́n lè fi páálí tàbí páànù ṣe ọgbà róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀. Ó yẹ kó rí róbótó nítorí pé inú igun ni òròmọdìẹ ti máa ń tẹ ara wọn pa. Ohun tí àwọn káfíńtà máa ń fá kúrò lára pákó ni kí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, kó nípọn tó ìka méjì sí mẹ́ta, kó sì gbẹ. Ìyẹ̀fun pákó tó kúnná jù kò dára, òròmọdìẹ lè máa ṣà á jẹ bí oúnjẹ. Bébà tó ń yọ̀ kò dára láti fi sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ yà sọ́tùn-ún sósì.

Ìwọ̀n ooru tó yẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, níbi tí òròmọdìẹ dúró sí gan-an, jẹ́ dígírì 32 sí 35. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 29 sí 32. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 26 sí 29. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, 23 sí 26. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ooru kò wọ́n tó iye òròmọdìẹ tó lè kú nítorí àìní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ sí, òròmọdìẹ fúnra wọn yóò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rọ́ jọ sábẹ́ iná, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìyẹ́, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan, atẹ́gùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan ń mu, tí àwọn kan ń sùn, ara tù wọ́n.

Èédú: ọ̀rẹ́ tó lè di ọ̀tá

Iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé títí di àárọ̀, nítorí náà ìkòkò èédú, sítóòfù tàbí gáàsì ni ọ̀pọ̀ olùsìn ń lò. Èédú dára, ó sì máa ń mú ooru jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Bí ẹni tó fẹ́ dènà òtútù bá fi ọ̀rá tàbí tapólìn di gbogbo ilé pa pátápátá, afẹ́fẹ́ yìí ni yóò kún inú rẹ̀. Ó lè pa gbogbo òròmọdìẹ ní òru kan. Ó sì lè pa èèyàn bákan náà.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n dá iná èédú náà níta, kí èéfín rẹ̀ tán, kó pọ́n dáadáa, kí wọ́n tó gbé e wọlé. Kí wọ́n gbé ìkòkò náà lé orí búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n fi wáyà bò ó kí òròmọdìẹ má baà kó sínú rẹ̀. Kí tapólìn bo ìsàlẹ̀ àti àárín ògiri, kí wọ́n sì fi òkè sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde. Ẹni tó ń ṣọ́ adìẹ kò gbọ́dọ̀ sùn sínú ilé tí wọ́n sun èédú sí, bó ti wù kí òtútù mú tó.

Bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó rẹ̀

Bí páálí bá ti dé, kí wọ́n kà wọ́n lójú ẹni tó gbé wọn wá, kí wọ́n sì kọ iye tó kú sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn jáde ni kí wọ́n máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òròmọdìẹ tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n bá dojú ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́, yóò yí padà dìde láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ojú rẹ̀ yóò là, ìdodo rẹ̀ yóò ti jiná, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa dán.

Èyí tó rẹ̀ máa ń dijú, kì í lè dìde, orí rẹ̀ á sì tẹ̀. Bí awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, tó hunjọ, omi ara rẹ̀ ló ti tán. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù nígbà tí wọ́n bá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, òtútù ló mú un. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, tí ìdodo rẹ̀ tutù tó sì ń rùn, kòkòrò àrùn ti wọ ibẹ̀. Oríṣi mẹ́ta yìí kì í ṣe ìkan náà, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Ìtọ́jú àwọn tó rẹ̀

Kí wọ́n kó gbogbo èyí tó rẹ̀ sí ọ̀tọ̀, nínú páálí kan tó mọ́, tó sún mọ́ iná ju ti àwọn yòókù lọ. Bí wọ́n bá wà láàárín àwọn tó lágbára, wọn yóò tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ ni. Kí ẹ̀gbẹ́ kan páálí náà gbóná tó dígírì 35, kí ẹ̀gbẹ́ kejì tutù díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí òròmọdìẹ lè yan ibi tó bá a lára mu.

Ooru ló kọ́kọ́ ń gba ẹ̀mí là, omi ló tẹ̀ lé e, oúnjẹ ló kẹ́yìn. Òròmọdìẹ tó tutù kò lè lo oúnjẹ tí wọ́n bá fún un. Bí ara rẹ̀ bá ti móoru, tó ti ń gbé orí, kí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbé e mì fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọn kò gbọ́dọ̀ da omi sí i lọ́nà ọ̀fun, ó lè gba ibi èémí lọ, kó sì pa á lójú ẹsẹ̀. Imú rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ rì sínú omi.

Wọ́n lè po gúlúkóòsì tàbí ṣúgà bíi gíráàmù 50 sínú lítà omi kan fún wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá fún àwọn tó rin ìrìn-àjò gígùn. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún adìẹ lọ́sẹ̀ gbogbo. Bó bá pẹ́ jù, ìgbẹ́ wọn yóò ṣàn. Lẹ́yìn rẹ̀, omi tó mọ́ pẹ̀lú fítámì adìẹ ló kù, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀.

Oúnjẹ òròmọdìẹ tí wọ́n fi omi díẹ̀ rin máa ń rọrùn fún èyí tó rẹ̀ láti jẹ. Kí wọ́n fún un níwọ̀nba, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta kó má baà kan. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́ oúnjẹ nípa wíwo ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí wọ́n fi òròmọdìẹ kan tàbí méjì tí ara wọn le díẹ̀ sí àárín wọn láti máa ṣáájú wọn ṣà á jẹ.

Bí ìgbẹ́ bá gbẹ mọ́ ìdí òròmọdìẹ, tó dí i pa, kí wọ́n fi òwú àti omi wọ́ọ́rọ́ rin ín títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n rọra nù ún kúrò, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Fífà á tu ní gbígbẹ máa ń ya awọ ara rẹ̀. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yà, wọ́n lè fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí pílásítà so ẹsẹ̀ méjèèjì kí àlàfo tó wà láàárín wọn má ju ínṣì kan lọ, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tí kò yọ̀. Bí wọ́n bá tètè ṣe é, ó máa ń tọ́.

Ti ìdodo tó ń rùn ló le jù. Díẹ̀ ló ń yè nínú wọn, ibi tí wọ́n ti pa wọ́n tàbí ilẹ̀ tó dọ̀tí ni kòkòrò náà sì ti máa ń wá. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀ nínú páálí, kí wọ́n pe dókítà ẹranko, kí wọ́n sì jẹ́ kí háṣárì gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kíkán kápúsù oògùn èèyàn sínú omi kò tọ̀nà. Oògùn tí kò bá àrùn mu kì í wò ó sàn, ó sì ń kọ́ kòkòrò láti borí oògùn náà lọ́jọ́ iwájú.

Ìdánwò alẹ́ àkọ́kọ́

Wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn tí òròmọdìẹ ti rí omi àti oúnjẹ, kí olùsìn mú ogún nínú wọn láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó fi ìka rọra tẹ àpò oúnjẹ tó wà nídìí ọrùn wọn. Bó bá kún, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó ti jẹ, ó ti mu. Bó bá le, ó jẹ ṣùgbọ́n omi kò tó o. Bó bá ṣófo, kò tíì rí nǹkan kan. Nínú ogún, ó yẹ kí mẹ́rìndínlógún ó kéré tán ti kún. Tó bá di wákàtí 24, ó yẹ kí mọ́kàndínlógún ti kún. Bí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo ooru, kí wọ́n fi ohun ìmumi àti tíréè oúnjẹ kún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí iná máa tàn lóru kí wọ́n lè ríran jẹun.

Èyí tó bá ti ń jẹ, tó ń sáré, nínú páálí àwọn aláìsàn lè padà sí àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tí kò bá lè dìde títí di ọjọ́ kẹta, ó dára kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú agbo. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ṣòro fún ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á, ṣùgbọ́n òròmọdìẹ tó ń jẹun tí kò dàgbà yóò jẹ owó oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì lè kó àrùn ran àwọn yòókù. Ìwọ̀n kan wà tí wọ́n lè fi mọ̀: bùrọ́ílà tó wọn gíráàmù 40 lọ́jọ́ tó dé yẹ kó ti tó gíráàmù 160 ó kéré tán lọ́jọ́ keje.

Kí wọ́n má gbàgbé àjẹsára

Òtútù nìkan kọ́ ló ń pa òròmọdìẹ. Àrùn Newcastle, tí ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ sí lúkúlúkú, wà nílẹ̀ yìí tipẹ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1952 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára rẹ̀ àti ti Gumboro. Kí olùsìn bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un èyí tí wọ́n ti fún òròmọdìẹ náà, kí dókítà ẹranko sì kọ ọjọ́ tí ìyókù kàn sílẹ̀. Wọn kì í fún òròmọdìẹ tó rẹ̀ ní àjẹsára kí ara rẹ̀ tó mókun, àfi bí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Bákan náà, kí wọ́n má ṣe kó adìẹ tí wọ́n rà lọ́jà sí ìtòsí òròmọdìẹ, kí ẹni tó ń tọ́jú wọn sì ní bàtà tó yà sọ́tọ̀ fún ilé adìẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ ní àrùn lùkúlùkú burúkú tí wọ́n ń pè ní bird flu nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn tí wọ́n pàdánù gbogbo agbo wọn nígbà náà kò gbàgbé rẹ̀.

Ìwé kékeré kan

Ohun tó kẹ́yìn kò ná olùsìn ju owó ìwé àti bírò lọ. Lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ iye tó kú, ìgbà tó kú, bí òru ṣe tutù tó, iye oúnjẹ tí wọ́n jẹ àti ibi tí wọ́n ti ra òròmọdìẹ náà. Bí ikú bá pọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ọ̀nà tàbí háṣárì ni kí wọ́n wò. Bó bá pọ̀ lọ́jọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún, oúnjẹ àti omi ni kí wọ́n wò. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ni wọ́n máa ń bá òkú tí ara wọn tẹ́ pẹlẹbẹ, ooru òru ni kí wọ́n wò.

Ìyá tó kó owó àjọ rẹ̀ lé òròmọdìẹ 200 kò lè dá ọyẹ́ dúró kó má fẹ́, kò sì lè dá ọkọ̀ dúró kó má bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo. Ṣùgbọ́n ó lè dá iná rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ó lè yọ àwọn tó rẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì lè jí lẹ́ẹ̀mejì lóru láti wo bí wọ́n ṣe sùn. Òru mẹ́ta tó bá fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni yóò sọ bí ọjà ọdún rẹ̀ yóò ṣe rí.